Ẹ Bi Oníkọ̀ǹpútà: Iná ẹ̀ ń tàn, laptop ní òun ò rí i

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú èyí tó wọlé lóṣù yìí. Èyí àkọ́kọ́ gùn, ìdáhùn mi sì gùn jù ú lọ, torí irú ẹjọ́ náà ti délé mi rí ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì dójú tì mí. Méjì yòókù kò ní pẹ́.

LẸ́TÀ KÌÍNÍ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá Oníkọ̀ǹpútà. Lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti máa ń ka ojú ìwé yín. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ìlú Òǹdó, ọdún kẹta ni mo wà. Lóṣù tó kọjá mo ra ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ọjà tòkunbọ̀, 18,000 náírà. Ó jọ fláàṣì, ṣùgbọ́n ó nípọn, wọ́n sì lẹ irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn lẹ́yìn. “Block Erupter” ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹni tó tà á fún mi ní bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń wà, pé bí mo bá ti tì í bọ laptop, owó á máa wọlé.

Mo tì í bọ laptop mi, Windows 10 ni. Iná aláwọ̀ ewé kan tàn lára ẹ̀, ó sì ń tàn títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, kò ṣẹ́jú rárá. Ṣùgbọ́n cgminer, sọ́fítíwià tó ń wa bitcoin, tí mo gbà sílẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì ní òun kò rí ẹ̀rọ kankan. Mo ti lo ihò USB mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti lo wáyà gígùn tí mo máa ń fi so módẹ́ẹ̀mù. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lo sọ́fítíwià kan tó ń jẹ́ Zadig. Mo lò ó, mo tẹ ibi tó ní kí n tẹ̀, láti ìgbà náà ni mouse mi kò ti ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n ṣe? Àbí wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún, Òǹdó

ÌDÁHÙN

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún, pẹ̀lẹ́ o. Jẹ́ ká kọ́kọ́ gba mouse rẹ sílẹ̀, torí ibi tí mo fẹ́ mú ọ lọ, wàá nílò ẹ̀.

Iṣẹ́ tí Zadig ń ṣe ni pé ó ń yọ dráífà tó wà nídìí ohun kan, ó ń fi òmíràn rọ́pò ẹ̀. Dráífà yìí, má pa á pọ̀ mọ́ dírẹ́bà tó ń wa mọ́tò lọ sí Ọ̀wọ̀ o. Ògbufọ̀ ni. Òun ló ń túmọ̀ ohun tí ẹ̀rọ ń wí fún Windows. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o lọ sí Options kí o mú “List All Devices”, gbogbo ohun tó so mọ́ laptop rẹ ló tò síwájú rẹ: mouse, kámẹ́rà, Bluetooth, gbogbo wọn pátá. Ti mouse ló wà níbi tí ọwọ́ rẹ bà lé, o sì tẹ Install láìka orúkọ tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe lé ògbufọ̀ mouse rẹ lọ nìyẹn, tí wọ́n fi WinUSB jókòó sáyè ẹ̀. WinUSB kò gbọ́ èdè mouse.

Fi ìka rẹ lo ibi tí a máa ń fọwọ́ rà lójú laptop. Tẹ bọ́tìnnì Windows àti X pa pọ̀, mú Device Manager. Wá ibi tí wọ́n kọ “Universal Serial Bus devices” sí, ibẹ̀ ni mouse rẹ sá pamọ́ sí. Tẹ bọ́tìnnì apá ọ̀tún lórí ẹ̀, mú Uninstall device, kí o sì fi àmì sí àpótí kékeré tó ń béèrè bóyá kí òun pa dráífà náà rẹ́. Má gbàgbé àpótí yẹn. Bí o kò bá fi àmì sí i, WinUSB náà ló máa tún padà wá, wàá sì rò pé irọ́ ni mo pa. Yọ mouse, mí kanlẹ̀, tì í bọ̀ ọ́ padà. Ó máa jí.

Ó wá kan ẹ̀rọ rẹ.

Bí èèyàn bá ní kọ̀ǹpútà “kò rí” nǹkan, gbólóhùn kan ló sọ, ṣùgbọ́n ọ̀ràn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè jẹ́. Fojú inú wo àlejò tó ń bọ̀ ní agbo ilé yín. Ó lè jẹ́ pé kò tíì dé ẹnu géètì rárá. Ó lè jẹ́ pé ó dé, ó kanlẹ̀kùn, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, ṣùgbọ́n èdè tó ń sọ kò yé ẹnikẹ́ni. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti wọlé, ó ti jókòó ní pálọ̀, wọ́n ti bu omi fún un mu, ṣùgbọ́n bàbá tó wá rí wà lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó lọ pè é. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ yìí wá bá mi, pálọ̀ ni ẹ̀rọ wọn ti jókòó láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n ṣì ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ géètì kiri.

Bí o ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ nìyí. Pa cgminer. Ṣí Device Manager sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má pa á dé. Yọ ẹ̀rọ náà, tẹjú mọ́ àkójọ orúkọ tó wà níwájú rẹ, kí o wá tì í bọ̀ ọ́ padà. Dẹtí bóyá Windows dún, wò ó bóyá àkójọ yẹn mì. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, má kánjú.

Bí kò bá dún, tí ohunkóhun kò sì mì, àlejò kò tíì dé géètì, má fọwọ́ kan dráífà kankan. Má jẹ́ kí iná tó ń tàn yẹn tàn ọ́ jẹ. Okùn mẹ́rin ló wà nínú wáyà USB yẹpẹrẹ: pupa àti dúdú ń gbé iná, funfun àti aláwọ̀ ewé ń gbé ọ̀rọ̀. Pupa àti dúdú nìkan ti tó láti tan gílóòbù kékeré. Àwọn wáyà tí wọ́n ń tà lọ́nà pé ṣájà fóònù ni, òmíràn wà níbẹ̀ tí wọn kò fi okùn ọ̀rọ̀ sí nínú rárá, kí ó lè dínwó. Tìrẹ tí o fi ń so módẹ́ẹ̀mù ní okùn ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, iná á ti máa rẹ̀ kí ó tó dé òdìkejì. Yọ ọ́ kúrò. Ara laptop gan-an ni kí ẹ̀rọ náà wà títí a ó fi parí àyẹ̀wò. Bí kọ̀ǹpútà alápòótí lo bá yá lò, ẹ̀yìn ẹ̀ ni kí o tì í bọ̀ o, má lo iwájú. Ihò ẹ̀yìn wà lára pátákó gangan; àwọn ti iwájú, wáyà kan ló gbé e wá láti inú, àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ sì máa ń gbàgbé láti so wáyà yẹn padà.

Lẹ́yìn wáyà, iná. Ibí ni wọ́n ti mú mi.

Block Erupter kan ń jẹ wáàtì 2.5, ìyẹn ni 500 mílíáǹpù lórí fólítì 5. Ihò USB 2.0, 500 náà gẹ́lẹ́ ni òfin ní kó máa fúnni. Kò sí èènì. Ihò USB 3.0, èyí tí inú ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, lè fúnni tó 900. Nítorí náà tí laptop rẹ bá ní ihò búlúù, òun ni kí o lò. Ó lè jẹ́ pé ihò mẹ́ta tí o wí yẹn, dúdú ni gbogbo wọn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, oníbàárà mi kan gbé irú ẹ̀rọ yìí márùn-ún wá láti Ìdànrè, pẹ̀lú hub, àpótí tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀, oníhò mẹ́wàá tó tò wọ́n sí. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í rí wọn. Mo tì wọ́n bọ̀ ọ́, mo wò ó, méjì fara hàn. Mo fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta kún un, gbogbo wọn pòórá. Mo ní dráífà ni. Mo yọ dráífà, mo fi dráífà, mo wá èyí tó pẹ́ jù, mo wá èyí tó tuntun jù. Ọjọ́ méjì gbáko. Iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì ń pọ̀ sí i lórí tábìlì. Ọjọ́ kẹta, ọmọṣẹ́ mi tó jókòó tó ń jẹ ẹ̀pà, tí kò sì tíì lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ mi, gbé ṣájà hub yẹn yí padà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, 5 fólítì, 1 áǹpù ni wọ́n kọ síbí o.” Mo dákẹ́. Ẹ̀rọ márùn-ún, ìdajì áǹpù lọ́kọ̀ọ̀kan, áǹpù méjì ààbọ̀ nìyẹn, a sì fún wọn ní ẹyọ kan. Oníbàárà ti sọ ṣájà tó bá hub náà wá nù, ó wá fi ti fóònù kan dípò ẹ̀. Mo fi mítà sí i nígbà tí mẹ́ta wà lórí ẹ̀: fólítì 4.2. A wá ṣájà tó ń gbé áǹpù 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, márààrún yọjú lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú dráífà tí mo ti bú láti ọjọ́ Ajé. N kò gba owó ọjọ́ méjì yẹn lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ojú ọmọṣẹ́ mi kò jẹ́ kí n lè gbà á.

Mo sọ èyí fún ọ kí o má bàa rò pé àwọn tó ń pera wọn lọ́gà kì í ṣìnà.

Bí o bá ti yọ wáyà, tí o lo ihò búlúù, tí ohunkóhun kò sì mì síbẹ̀, mú ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, kí o rọra mi irin orí ẹ̀ tó ń wọ ihò. Bí ó bá ń jó, léèdì ìdí ẹ̀ ti ya. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń fà wọlé fà jáde láti ọdún 2013, kò jẹ́ tuntun. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò yín lè fi áyọ́ọ̀nù àti léèdì lẹ ẹ́ padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Má fọwọ́ kàn án kété tí o bá yọ ọ́ o. Irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ẹ̀ yẹn máa ń gbóná bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná kúrò, kó tó wá jẹ́ ooru oṣù kẹta níbí. Bí o bá fẹ́ lò ó pẹ́, fáànù kékeré ni kí o gbé síwájú ẹ̀.

Ìyẹn àlejò tí kò dé géètì. Bí Windows bá dún, tí “Unknown device” jáde pẹ̀lú àmì ìyanu nínú igun aláwọ̀ ìyeyè, àlejò ti dé, èdè ẹ̀ ni kò yé wọn. Tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ka nọ́ḿbà tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ Code 43, tí wọ́n kọ “Device Descriptor Request Failed”, ẹ̀rọ náà fẹ́ sọ orúkọ ẹ̀ ni, ohùn ẹ̀ há. Padà sídìí iná àti léèdì tí mo ti sọ. Tó bá jẹ́ Code 28, inú rẹ dùn: ògbufọ̀ nìkan ni kò sí. Lọ sí Details, mú Hardware Ids. Block Erupter máa ń kọ VID_10C4 àti PID_EA60. Nọ́ḿbà ilé iṣẹ́ Silicon Labs ti Amẹ́ríkà nìyẹn, àwọn ló ṣe CP2102, ẹ̀yà kékeré tó ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ USB. Lọ sórí ìkànnì Silicon Labs fúnra wọn, gba dráífà CP210x sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Má gbà á látibòmíràn. Àwọn ìkànnì tó ń polówó “dráífà ọ̀fẹ́” kún fún ohun tí yóò jí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ lọ. Bí VID_0403 tàbí VID_1A86 lo bá rí dípò ẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n tà fún ọ lábẹ́ orúkọ yẹn, tàbí kí wọ́n ti tún inú ẹ̀ ṣe. Fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ṣùgbọ́n Ọmọ Ẹkìmọ̀gún, n kò rò pé ìkankan nínú méjèèjì yẹn ló ń ṣe ọ́. Èmi rò pé pálọ̀ ni tìrẹ ti jókòó. Ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀ ni iná tí o ní kò ṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé iná tó tàn dúró gbọin ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ. Òdìkejì ẹ̀ ló ń wí lára Block Erupter: iná dé, iṣẹ́ kò dé. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná yẹn á kú, á wá máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ó bá rí ìdáhùn kan sí ìṣirò tí wọ́n fi ń wa bitcoin.

Wo Device Manager, lábẹ́ “Ports”. Bí o bá rí “Silicon Labs CP210x USB to UART Bridge” pẹ̀lú COM (orúkọ tí Windows fún ẹnu ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà) àti nọ́ḿbà kan, COM5 tàbí COM7, kọ̀ǹpútà rẹ ti rí ẹ̀rọ náà. Ẹjọ́ Windows ti parí. cgminer ni kò rí i, ìdí ẹ̀ sì nìyí: cgminer kì í gba ẹnu COM sọ̀rọ̀. WinUSB nìkan ló ń bá ṣe, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n sọ pé kí o lo Zadig. Sọ́fítíwià kejì, bfgminer, COM ni tiẹ̀ fẹ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò lè ní ògbufọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá fi WinUSB sí i, COM5 máa pòórá kúrò lábẹ́ Ports, àwọn èèyàn á sì figbe ta pé “ó tún ti bàjẹ́!” Kò bàjẹ́. Ó kúrò ní pálọ̀ yìí, ó bọ́ sí òmíràn ni.

Àwọn sọ́fítíwià méjèèjì yìí, ìdílé kan náà ni wọ́n. Con Kolivas, dókítà tó ń fún aláìsàn lóògùn oorun ṣáájú iṣẹ́ abẹ ní Australia, ló kọ cgminer. Luke Dashjr mú un, ó ya tiẹ̀ sọ́tọ̀, ó pè é ní bfgminer. Ohun tí wọ́n kò fẹnu kò lé lórí ló ń dà ọ́ láàmú ní Òǹdó lónìí.

Èwo ni kí o lò? Lẹ́yìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí mouse rẹ, bfgminer. Kò ní í béèrè Zadig lọ́wọ́ rẹ. Fi dráífà Silicon Labs sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o bẹ̀rẹ̀ bfgminer pẹ̀lú “-S all”, kí ó lè yẹ gbogbo COM wò fúnra ẹ̀. Tó o bá takú pé cgminer lo fẹ́, kọ́kọ́ tẹ “cgminer -n”, ó máa to gbogbo ohun USB tó rí. Lẹ́yìn náà ṣí Zadig, kí o sì ka orúkọ tó wà níbẹ̀ sókè ketekete kí o tó tẹ Install. “CP2102 USB to UART Bridge Controller” ni kó wà níbẹ̀, 10C4 àti EA60 sì ni kí nọ́ḿbà ẹ̀ jẹ́. Bí ohun mìíràn bá wà níbẹ̀, gbọ́wọ́ kúrò.

Ẹ̀kan péré ló kù níhà yẹn: Windows Defender àti àwọn antivirus mìíràn kì í fẹ́ rí sọ́fítíwià tó ń wa bitcoin, torí àwọn olè máa ń fi irú ẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà onílé. Ó lè pa á rẹ́ lẹ́yìn rẹ. Bí fáìlì cgminer bá ṣàdédé kúrò nínú fódà, kì í ṣe àjẹ́. Orí Linux, ọ̀ràn yìí rọrùn púpọ̀: tẹ “lsusb”, bí o bá rí 10c4:ea60, ó ti dé, fi sudo ṣáájú sọ́fítíwià rẹ, ó parí.

Ṣé wọ́n lù ọ́ ní jìbìtì? Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ayédèrú bí ohun tí o kọ bá jẹ́ òótọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tà á fún ọ ni irọ́. Ọdún 2013 ni ASICMiner, àwọn tó ṣe é, gbé e jáde, nǹkan bíi bitcoin 2 ni wọ́n sì ń ta ẹyọ kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ mú bitcoin méjì ẹ̀ lọ́jọ́ náà tí kò rà á, ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́. Mẹ́gáháàṣì 333 ló ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé ó ń dábàá ìdáhùn mílíọ̀nù 333. Lónìí, gbogbo ẹ̀rọ tó ń wa bitcoin káàkiri ayé pa pọ̀, wọ́n ti kọjá ẹ́síháàṣì 500. Òdo méjìdínlógún ló wà lẹ́yìn 500 yẹn bí o bá kọ ọ́ tán.

Jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò ọjà. Bitcoin tuntun tó ń jáde lójúmọ́ láti oṣù kẹrin ọdún 2024 jẹ́ nǹkan bíi 450. Ìpín tìrẹ nínú ẹ̀ kò tó sàtóṣì kan lójúmọ́. Bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sàtóṣì ni, mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún sàtóṣì ló sì ń di bitcoin kan. Lọ́dún gbáko, tí iná kò lọ rí, tí ìwọ náà kò pa laptop rí, sàtóṣì mọ́kànlá. Ká ní bitcoin kan jẹ́ 100,000 dọ́là, kí dọ́là kan jẹ́ 1,500 náírà: náírà 16 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Píọ̀ wọ́tà kan kò ṣeé rà níbẹ̀. Bí o bá sì ní o kò bá ẹnikẹ́ni pín in, pé ìwọ nìkan lo fẹ́ dá bùlọ́ọ̀kù kan wà, ìyẹn ìdì kan tí bitcoin tuntun ń tibẹ̀ jáde, wàá dúró ju ọdún mílíọ̀nù 28 lọ.

Èmi náà ní ọ̀kan. Ó wà lórí tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù, òun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ bí USB, COM, dráífà àti iná ṣe so mọ́ ara wọn, wọ́n sì máa ń rántí ju bí mo bá kàn sọ ọ́ lẹ́nu. Bí ohun tí o fẹ́ bá jẹ́ ẹ̀kọ́, o kò pàdánù. Bó bá jẹ́ owó oúnjẹ, tà á fún ẹni tó fẹ́ ẹ̀kọ́, kí o sì sọ òótọ́ fún un.

LẸ́TÀ KEJÌ

Mo kí yín o. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Alágbàká ní kí n yá òun lówó kóun ra ẹ̀rọ ńlá kan tó ń wa bitcoin, Antminer S19 ló pè é. Ó ní iná tó máa ń jẹ kò pọ̀, pé a lè gbé e sí yàrá àlejò. Mo fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ẹ má fi sí yàrá àlejò. Ariwo ẹ̀ dà bí ẹ̀rọ tó ń gbálẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tàn tí wọn kò pa mọ́, tọ̀sán tòru. Àlejò yín kò ní sùn, ẹ̀yin náà kò ní sùn.

Ní ti iná, S19 ń jẹ wáàtì 3,250. Ó ju áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ mẹ́ta tí wọ́n tàn pa pọ̀ lọ, kò sì ní í sinmi. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ní lẹ́yìnkùlé kò lè gbé e. Lójúmọ́ kan ó máa jẹ kìlówáàtì wákàtí 78. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ 200 náírà, 15,600 náírà nìyẹn lójúmọ́. Lórí ìṣirò tí mo ṣe fún ọmọ Òǹdó lókè yẹn, ohun tí S19 tó ń ṣe tẹ́ráháàṣì 95 (ìdáhùn tírílíọ̀nù 95 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) máa mú wọlé lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi 12,800 náírà. Kí iná má lọ rí nìyẹn o, ẹ̀yin náà sì mọ ilé tí a wà. Ẹ ní kó jókòó tì yín pẹ̀lú bírò àti ìwé, kó ṣe ìṣirò náà lójú yín fúnra ẹ̀, ẹ má bá a jà. Bí ó bá rí ọ̀nà tó fi kọjá 15,600, ẹ jẹ́ kó kọ̀wé sí mi, èmi náà fẹ́ gbọ́.

LẸ́TÀ KẸTA

Bọ̀dá, fláàṣì mi kò hàn nínú This PC mọ́, bẹ́ẹ̀ ni laptop ń dún tí mo bá tì í bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ló wà nínú ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

ÌDÁHÙN

Ó dún, nítorí náà ó ti wọlé. Tẹ Windows àti X, mú Disk Management. Bí o bá rí i níbẹ̀ láìní lẹ́tà kankan, tẹ bọ́tìnnì apá ọ̀tún lórí ẹ̀, mú Change Drive Letter and Paths, fún un ní lẹ́tà kan tí ẹlòmíràn kò lò, ó máa fara hàn. Bí ó bá ní òun fẹ́ kí o ṣe Format, tẹ Cancel, yọ ọ́, má tún tì í bọ ibikíbi, kí o gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la kí aago mẹ́rin tó lù.